Ohun tí ọ̀nà reluwé tuntun ṣe fún àwa ará Abbey Wood

Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi nípa bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀nà reluwé London ṣe, ó wá wù mí kí n sọ tèmi, torí pé ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Abbey Wood ni mò ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Whitechapel ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Reluwé abẹ́ ilẹ̀ ti wà ní London láti 1863, àmọ́ ìhà àríwá odò Thames ló pọ̀ sí jù. Àwa tí a wà ní apá ibi tí mò ń gbé yìí, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ la gbójú lé. Láràárọ̀, màá wọ ọkọ̀ lọ sí Cannon Street, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, màá tún wọ District, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà reluwé abẹ́ ilẹ̀, dé Whitechapel. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ètò ọjọ́ náà ti dàrú nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láago méje àárọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ: kì í ṣe àkókò ìrìn nìkan lo máa ṣírò kó o tó sùn, wàá ṣírò àkókò ìdádúró mọ́ ọn, oorun rẹ lo sì máa gé e lára.

Torí náà, nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà tuntun kan gba abẹ́ àárín ìlú kọjá, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan á sì dé ọ̀dọ̀ wa, inú wa dùn débi pé a ò mọ ohun tí a máa sọ. Crossrail ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Ọdún 2009 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ ńláńlá mẹ́jọ ni wọ́n rán wọ abẹ́ ilẹ̀, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì sọ gbogbo wọn. Láàárín 2012 sí 2015, wọ́n gbẹ́ ihò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42, lábẹ́ ìlú tí páìpù omi, wáyà iná, ìpìlẹ̀ ilé gogoro àti ihò reluwé àtijọ́ ti kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Nínú iyẹ̀pẹ̀ tó jáde, ó lé ní mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù tí wọ́n kó lọ sí Wallasea Island ní Essex, tí wọ́n fi ṣe ibùgbé fún àwọn ẹyẹ etí omi. Ní Liverpool Street, ibi ìsìnkú àtijọ́ ni wọ́n bá pàdé; òkú tó lé ní 3,000 ni àwọn awalẹ̀pìtàn fara balẹ̀ hú jáde kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Èmi a máa rántí wọn bí mo bá ń kọjá níbẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n dá fún wa. Onílé mi ti fi kún owó ilé kí ọjọ́ náà tó pé, ó ní reluwé ń bọ̀. Reluwé ò dé. Ó ku oṣù díẹ̀ kí ọjọ́ pé ni wọ́n kéde pé kò ní ṣeé ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ sí retí títí. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ọkọ̀ náà tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ní gbogbo àkókò ìdádúró yẹn, owó ilé ẹni tó ń gbé nítòsí ọkọ̀ tí kò tíì sí la ń san. Ó dùn mí gan-an, ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi ló sì kó kúrò kí wọ́n tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ihò ti parí tipẹ́ nígbà náà o. Àwọn stéṣọ̀n tí kò tíì parí wà lára ohun tó fa ìdádúró, ìyókù sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà Elizabeth, bí wọ́n ṣe wá sọ ọ́, àárín rẹ̀ nìkan ni tuntun. Bó o bá kọjá Paddington lọ sí Reading, tàbí tó o kọjá Stratford lọ sí Shenfield, ojú irin àtijọ́ lo wà, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn náà ń lò. Oríṣi ètò sígínà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ fún ọkọ̀ ìgbà tó lè lọ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ dúró, ni ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ní láti gbọ́ èdè wọn, kó sì máa bọ́ látinú ọ̀kan sínú èkejì láìdúró lójú ọ̀nà. Èrò ọkọ̀ ò lè fojú rí irú iṣẹ́ yẹn, òun ló sì le jù.

Nígbà tó wá dé, ó dé lóòótọ́. Láti Abbey Wood sí Whitechapel kò gbà mí tó ìṣẹ́jú 15 mọ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni. Canary Wharf, ìṣẹ́jú 11. Paddington tó ń gbà wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 tẹ́lẹ̀ kò tó 30 mọ́. Mo ti ń délé bá àwọn ọmọ mi lójúfò. Ẹni tí kò tíì gbé nínú ìlú ńlá, kó máa jáde kí àwọn ọmọ tó jí, kó sì máa wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti sùn, kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó.

Ìyá mi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tiwọn. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, torí náà wọn kì í bá wa wọ abẹ́ ilẹ̀. Àwọn stéṣọ̀n àtijọ́ London, àtẹ̀gùn ló kún inú wọn, ọ̀pọ̀ ò ní líìfìtì títí di òní. Lójú ọ̀nà tuntun yìí, gbogbo stéṣọ̀n 41 ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ti lè gba títì dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Láti Woolwich dé Paddington pàápàá, ilẹ̀ tí o dúró sí àti ilẹ̀ inú ọkọ̀ wà lọ́gbọọgba, kẹ̀kẹ́ arọ á kàn yí wọlé. A gbé Màámi lọ sí Tottenham Court Road lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé a ti dé náà nìyẹn?" Láti ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń bi wá pé ìgbà wo la tún máa jáde.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tuntun nìkan ló ń tún ìlú ṣe. Àǹtí kan wà níbi iṣẹ́ wa, èèyàn wa ni, Borough ni wọ́n ń gbé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n ti ọ̀nà reluwé abẹ́ ilẹ̀ Northern tí wọ́n ń wọ̀ pa láti Moorgate dé Kennington, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní stéṣọ̀n Bank. Títí di àárín oṣù Karùn-ún, bọ́ọ̀sì ni Àǹtí ń wọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń sọ fún wọn pé ọ̀nà tiwa ò ní pẹ́ ṣí, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀nà tìẹ ni wọ́n ń là, tèmi ni wọ́n ń dí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ tún ní sùúrù díẹ̀ sí i."

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n gbẹ́ ihò tuntun fún ọkọ̀ tó ń lọ sí gúúsù, wọ́n sì sọ ibi tí àwọn èrò ń há sí tẹ́lẹ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbàgede. Kò sí bí èèyàn ṣe lè so ihò tuntun mọ́ ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ láìkọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n ní èrò tí stéṣọ̀n náà lè gbà báyìí fi ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ṣí i ni Àǹtí pè mí lórí fóònù: "Wọ́n gbìyànjú o. Mo rìn kọjá, ẹnikẹ́ni ò sì gbún mi ní ìgbọ̀nwọ́."

Ọ̀nà Victoria tún jọ mí lójú ju ìyẹn lọ. Ó ti wà láti 1968, ihò àtijọ́ náà ló ṣì ń gbà. Síbẹ̀, láti 2017, bí iṣẹ́ bá gbóná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ 36 ló ń kọjá láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ tuntun àti sígínà tuntun ló mú un ṣeé ṣe: kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ó mọ bó ṣe ń sáré tó, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra láìsí ewu. Wọn ò gbẹ́ ihò kankan kún un. Bí mo bá láṣẹ, irú iṣẹ́ yẹn ni màá máa wá owó fún, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí rìbọ́nì tí ọba tàbí olóṣèlú máa gé níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ojú irin àtijọ́ lè kó bá tuntun. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú irin ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn Paddington, àwa tí a wà ní Abbey Wood la máa dúró, torí pé ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa ti há sọ́hùn-ún. Mo ti dúró bẹ́ẹ̀ rí nínú òtútù, tí ihò tuntun tó ná wọn ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù pọ́n-ùn wà níbẹ̀ lófìfo.

Èrò ọ̀nà Elizabeth ti pọ̀ jù. Ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan, ìrìn àjò tó lé ní mílíọ̀nù 150 ni àwọn èèyàn fi ọ̀nà náà rìn; nígbà tó di 2024, wọ́n tún gba àṣẹ láti ra ọkọ̀ 10 sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ya àwòrán àwọn stéṣọ̀n àárín ìlú, torí pé ọkọ̀ tó gùn tó mítà 205 ló ń dúró síbẹ̀ báyìí, àyè sì ṣì wà fún èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ya, wọ́n á fi kún ọkọ̀ láìtún gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly, ọkọ̀ àárín àwọn ọdún 1970 lẹ mọ̀ síbẹ̀, tó máa ń gbóná lọ́jọ́ oòrùn bí ẹ̀mí ẹni fẹ́ bọ́. Wọ́n ti ra tuntun 94 tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí iṣẹ́ ìtúnṣe ṣe ń rí lọ́dọ̀ yín lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, àti ọ̀nà wo lẹ ń gbà.