Kọsítọ́mà tí kì í ka àlàyé ọjà: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Láfíàjí, Peckham

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ wa láti Èkó ni mo gbé wá o. Size, àbùkù, ibi tí wọ́n ti máa gba ọjà, gbogbo rẹ̀ la máa ń kọ sábẹ́ àwòrán. Síbẹ̀ wọ́n á sanwó tán, ọjà á dé Súrùlérè, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Owó dispatch àlọ á wọlẹ̀, ti àbọ̀ á tún tẹ̀lé e. Ṣé ká kọ àlàyé kó gùn sí i ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì, Houston

Rárá o, àbúrò. Bó bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe máa fò ó tó. Ẹ wo ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ná. Ẹ gbé e sí Status WhatsApp, ẹnìkan ya screenshot rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n jù ú sínú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó kan ẹni tó lówó lọ́wọ́, àwòrán nìkan ló kù, àlàyé yín ti já sọ́nà. À ń bú ẹni yẹn pé kì í kàwé, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ tó máa kà.

Ohun tó lè dá ìjà sílẹ̀, orí àwòrán gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, ìlà mẹ́ta péré: size, àbùkù, ibi tí ọjà wà. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, funfun lórí dúdú. Àárín ni kó wà, ẹ má fi sí etí, torí nínú catalogue WhatsApp, wọ́n máa ń gé etí àwòrán kó lè dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ na ọwọ́ tẹ́ ẹ fi mú fóònù síwájú tán pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ní láti fẹjú kẹ́ ẹ tó rí i kà, kọsítọ́mà ò ní rí i.

Àbùkù gbọ́dọ̀ ní àwòrán tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ pé "ó ha díẹ̀ lẹ́yìn", díẹ̀ tiyín àti díẹ̀ tirẹ̀ ò dọ́gba. Ẹ gbé ìdérí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ha, kẹ́ ẹ yà á papọ̀, kó rí bó ṣe tóbi tó. Àwòrán kejì ni kẹ́ ẹ fi ṣe, kì í ṣe ìkẹfà. Ta ló ń dé ìkẹfà?

Nínú àlàyé náà, ìlà àkọ́kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó bá gùn, WhatsApp á pa ìyókù mọ́ sábẹ́ "Read more". Irú èyí ò dáa: "Fóònù tó mọ́ tónítóní, tuntun nínú tòkunbọ̀, ẹni bá yára ló máa gbà á lọ..." Èyí ló dáa: "iPhone 14, 128GB. Kò ní ihò síìmù, eSIM nìkan. Bátìrì 86%. Ó wà ní Yábàá." (eSIM ni síìmù tó ti wà nínú fóònù, tí kò ní káàdì.) Ìyìn ọjà lè wá tẹ̀lé e tó bá wù yín.

Àwẹ́ Ìkẹjà, Toronto

Àǹtí ti fọwọ́ bà á. Ihò síìmù yẹn ni baba wàhálà nínú ọjà fóònù báyìí. iPhone 14 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, àwọn tó tẹ̀lé e náà kò ní in. iPhone 14 kan náà tí wọ́n tà ní Kánádà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní in. Lójú ẹni tó wà ní Ìkẹjà, "iPhone 14" ni "iPhone 14". Á gbà á, á mú síìmù rẹ̀ jáde, á máa yí fóònù po, kò ní rí ibi tó máa tì í bọ̀, ó di pé ẹ lù ú ní jìbìtì. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ òsì fóònù, níbi tí ihò ì bá wà, kẹ́ ẹ fi ọfà pupa sí i: "Kò sí ihò níbí." Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé MTN àti Airtel ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà, kó má rò pé òkú fóònù lẹ tà fún òun.

Ẹ̀tàn kékeré kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ "UK used". Ní Èkó, gbogbo tòkunbọ̀ pátá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà ti Texas wá. Nítorí náà, ẹ kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ẹ wọ Settings, General, About. Tí Model Number bá parí sí LL/A, ti Amẹ́ríkà ni. Lójú ìwé kan náà, ẹ wo Carrier Lock. "No SIM restrictions" ni kẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan níbí, kò sí láìnì Nàìjíríà tó máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn fi máa ṣí i. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ àlàyé o, inú orúkọ ọjà ló yẹ kó wà. Ẹ ya ojú ìwé yẹn, ẹ ya Battery Health, kẹ́ ẹ tẹ *#06# kẹ́ ẹ ya IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ṣùgbọ́n ẹ fi àwọ̀ bo nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yọ iCloud yín, ìyẹn àkáǹtì Apple yín, kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Tó bá ti dé Èkó kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ lè yọ ọ́ láti orí iCloud.com. Ẹ má fi password yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Wáyà, Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí bàtà tí kò wọ ẹsẹ̀ ṣeé dá padà, blender tó ti jó kò ṣeé dá padà.

Iná Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jẹ́ 120V, 60Hz. Ti Nàìjíríà jẹ́ 230V, 50Hz, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà sì ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń rà láti Peckham ò ní ìṣòro. Àwa tá a wà lápá ibí la níṣòro. Ẹ kọ "120V" síbẹ̀, wọ́n á rà á, wọ́n á ra adaptọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á kì í bọ ògiri. Orí pulọ́ọ̀gì nìkan ni adaptọ̀ ń yí, kì í yí iná. Kí ata tó lọ, òórùn ti gba ilé.

Nítorí náà, ẹ má kọ "120V" lásán, torí kọsítọ́mà ò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn fẹ́ ṣe fún òun. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "MÁ KÌ Í BỌ INÁ NEPA TÀÀRÀ. Ó nílò transformer." Lẹ́yìn náà, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì tó wà nídìí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá rí "INPUT 100-240V, 50/60Hz", bíi ti ṣájà laptop, ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ "120V 60Hz" nìkan, ẹ ka wáàtì rẹ̀ fún wọn. Blender 1000W fẹ́ transformer tí kò dín ní 1500W. Tí wọ́n bá lo 500W, transformer fúnra rẹ̀ ló máa jó. Kẹ́ ẹ sì fi kún un pé transformer kì í yí 50Hz sí 60Hz, nítorí náà aago ara máíkírówéfù lè má lọ déédéé, mọ́tò míì sì lè máa gbóná.

Wáàtì tẹ́ ẹ kọ yẹn tún wúlò fún ohun míì. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé 1500W. Ní tèmi o, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun Amẹ́ríkà ò yẹ lẹ́ni tó ń fi ránṣẹ́ sí Èkó rárá. Owó transformer á ju owó ọjà lọ.

Sisí Ìdúmọ̀tà, Dublin

Àwa tá à ń gbé aṣọ láti Balógun wá fún àwọn tó wà lókè òkun náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Wọ́n á rí òrékelẹ́wà tó wọ gáùn àǹkárá, "yáàdì 6" wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sanwó, wọ́n á wá bi yín léèrè gáùn. Ẹ fi aṣọ tó wà ní kíká, pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀, ṣe àwòrán àkọ́kọ́, kí "A Ò TÍÌ RÁN AN" wà lára rẹ̀. Gáùn lè ṣe ìkẹta. Ẹ kọ ọ́ ní mítà pẹ̀lú, torí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ò mọ yáàdì: yáàdì 6 jẹ́ mítà 5.5 ó dín díẹ̀.

Tó bá jẹ́ bùbá tàbí gáùn tí a ti rán, ẹ má kọ "àyà 21" torí pé ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ wọ̀n láti abíyá dé abíyá. Ẹ kọ ọ́ ní ìlọ́po méjì: "àyà yíká, ínṣì 42." Fìlà náà, yíká orí lókè etí la fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹni ní ìsọ̀, ẹ ní kó gbé aṣọ sí ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án, kó fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó yà á. Gílóòbù inú ìsọ̀ máa ń sọ àwọ̀ pupa ẹyin di ti ọsàn.

Ẹ̀gbọ́n Mushin, Manchester

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń bọ́ gan-an ni àsìkò tí ẹ bá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Owó tó ti wọlé ti di ẹjọ́. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹ ti kà á?" Kò sí ẹni tó máa ní òun ò kà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ padà. Nínú WhatsApp Business, ẹ ṣe quick reply, kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ / kẹ́ ẹ yan án, á jáde:

"Ẹ ṣeun, mà. Kí n tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ mẹ́ta yìí fún mi: size tẹ́ ẹ fẹ́, àbùkù tẹ́ ẹ rí nínú àwòrán kejì, àti bus stop tó sún mọ́ yín."

Ẹni tí kò tíì wo àwòrán kejì á padà lọ wò ó. Àwọn míì á sá lọ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àwọn àgbà tí kì í fẹ́ tẹ fóònù, ẹ fi voice note ìṣẹ́jú àáyá 20 ránṣẹ́ sí wọn ní Yorùbá, kí àwọn náà fi voice note dáhùn. Ẹ má pa á rẹ́.

"Is this still available?" ti Facebook Marketplace, ẹ má bínú sí i. Bọ́tìnnì ni wọ́n tẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan. Ẹ má kàn dáhùn "Yes"; ìlà mẹ́ta ti Ìyá Ìbejì yẹn ni kẹ́ ẹ fi dáhùn.

Ọmọ Láfíàjí, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, "No refund, no return" tí gbogbo èèyàn ń kọ sísàlẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń dáàbò boni?

Ẹ̀gbọ́n Mushin, Manchester

Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àlàyé tí wọ́n fi tà á mu. Ní ìlú ọba níbí, tó bá jẹ́ òwò lẹ fi ń ṣe, tẹ́ ẹ sì tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin 2013 fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, tó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ò ní àbùkù kankan. Tẹ́ ẹ ò bá sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ yẹn, àkókò náà lè fi oṣù 12 gùn sí i. Aṣọ tẹ́ ẹ rán sí ìwọ̀n ara rẹ̀ wà lára ohun tó yọ kúrò níbẹ̀. Lórí eBay, tó bá ní ọjà ò bá àlàyé mu, ẹ̀yin lẹ máa san owó àbọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń gbani ni àwòrán àbùkù àti ìdáhùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Àwẹ́ Ìkẹjà, Toronto

Bus stop tí ẹ̀gbọ́n ní kẹ́ ẹ béèrè yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ kọ "delivery Island", ẹni tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní Island lòun wà, ẹni tó wà ní Ajah náà ní Island ni, ti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Afárá Kẹta (Third Mainland Bridge) nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ọ̀nà Ajah ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ iye owó dispatch ní àdúgbò-àdúgbò: Ọbáléńdé, Lẹ́kì Phase 1, Ajah. Ẹ má sì jẹ́ kí dispatch gbé ọjà lórí screenshot alert. Inú app báǹkì yín ni kẹ́ ẹ ti rí owó.

Ọmọ Láfíàjí, Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ wò ó bóyá èyí ti dáa: "Bàtà ọkùnrin, awọ dúdú, UK 8, US 9, EU 42. Inú rẹ̀ gùn tó 27cm. Yábàá."

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ gbé 42 síwájú, 42 ni wọ́n ń pè é ní Èkó. Àbùkù dà?

Ọmọ Láfíàjí, Peckham

Gìgísẹ̀ òsì ti jẹ díẹ̀, mà. Ó wà nínú àwòrán kejì.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ṣé ẹ ti gbé ìdérí bírò sí i? Ẹ kọ "GÌGÍSẸ̀ ÒSÌ TI JẸ" sórí rẹ̀.