Index nínú ìtọ́sọ́nà OpenGrok: ṣé "atọ́ka" ni àbí "ìwé ojúlé"?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀yọ́ gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní nínú ìtọ́sọ́nà tí à ń kọ lórí OpenGrok, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú kóòdù, fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ká pe index ní "atọ́ka", ká pe definition ní "ìtumọ̀", ká sì pe contribution ní "ìtọrẹ". Mo mọ rírì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àmọ́ mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. OpenGrok, tí wọ́n fi Java kọ ní Sun Microsystems kó tó bọ́ sọ́wọ́ Oracle, kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóòdù. Ó ti kà á sílẹ̀. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Universal Ctags ló ń bá a mọ ibi tí wọ́n ti sọ function kọ̀ọ̀kan (ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) lórúkọ, òmíì tó ń jẹ́ Lucene ló sì ń bá a tọ́jú ohun tó kà: orúkọ báyìí ń bẹ nínú fáìlì báyìí. Tí ẹ bá wá béèrè, ohun tó ti kọ sílẹ̀ ló máa yẹ̀ wò. Tí kóòdù bá sì yí padà lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì tó yí padà nìkan ló máa tún kà.

Àjèjì tó bá wọ ìlú wa tó ń wá èèyàn, "ilé ta ni?" la máa kọ́kọ́ bi í. Orúkọ nìkan ò lè gbé e débẹ̀, àfi tó bá mọ agboolé. Ìwé tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojúlé tí a ti lè bá a, òun gan-an ni index. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní "ìwé ojúlé", kí indexer tó ń kọ ọ́ sì máa jẹ́ "akọ̀wé ojúlé".

Kì í ṣe pé "atọ́ka" ò dára. Ibi tí mo ti fẹ́ lò ó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Kóòdù tí wọ́n bá fi C kọ kún fún pointer, ìyẹn ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá pointer mu ju atọ́ka lọ. Ọmọ tó bá ń fi OpenGrok wá pointer nínú kóòdù Linux, ṣé "wá atọ́ka nínú atọ́ka" la máa kọ fún un? Ẹnì kan ti béèrè bóyá ojúlé ò ní dàrú mọ́ àdírẹ́sì ìkànnì. Kò ní dàrú. Àdírẹ́sì ti di ti wa tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ojúlé.

Ọ̀rọ̀ "ìtumọ̀" ló ká mi lára jù. Àpótí ìwádìí Definition tó wà lójú ewé OpenGrok kì í sọ ohun tí function túmọ̀ sí fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n sì ti kọ iṣẹ́ tó máa ṣe, ló ń fi hàn. Àpótí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n pè ní Symbol, ń fi ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ hàn. Ẹ wo kfree, function tí Linux fi ń dá ìrántí kọ̀ǹpútà padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Definition, ibi díẹ̀ ló máa jáde, ẹ ó sì rí fódà mm láàárín wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Symbol, ojú ewé lórí ojú ewé ni, torí ibi tí wọ́n ti ń lò ó pọ̀ lọ súà. "Ìsọlórúkọ" fún ti àkọ́kọ́, "ìdárúkọ" fún ìkejì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ni ìyàtọ̀ tí OpenGrok fẹ́ ká mọ̀.

Mo ti dán "akọ̀wé ojúlé" wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kan ní Under G, àdúgbò kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Docker, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbé ètò kọ̀ǹpútà dìde, ni wọ́n fi gbé OpenGrok dìde:

docker run -d -v /ibi/kóòdù:/opengrok/src -p 8080:8080 opengrok/docker:latest

Ọ̀kan nínú wọn ṣí localhost:8080, ìyẹn ojú ewé OpenGrok lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wá orúkọ tó dá a lójú pé ó wà nínú kóòdù rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Akọ̀wé ojúlé ò tíì kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ." Kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó fi í sílẹ̀ kó parí, ó sì rí ohun tó ń wá.

Ti "ìtọrẹ" kò gba àlàyé púpọ̀. Oracle ò ní gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni sínú OpenGrok àfi tó bá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní OCA (Oracle Contributor Agreement). Ta ló ń tọwọ́ bọ̀wé kó tó tọrẹ? Wọn yóò tún yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìlà dé ìlà, wọ́n sì lè dá a padà. "Ìdásí" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò, kí patch jẹ́ "àtúnṣe". Ẹni tó dábàá "ìlọ́wọ́sí" náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti sún mọ́ ti ẹni tó lọ́wọ́ sí ọ̀ràn jù.

Source code? Kóòdù ti tó.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò tíì rí orúkọ fún, ìyẹn xref: ojú ewé kóòdù tí wọ́n ti so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojúlé rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ó sì débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa l'Ọ̀yọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá jù láàárín wa. Kí lẹ rò pé ká pè é?