Irin tó ń sún rímù síta: kí á má pè é ní àlàfo, kí á má sì pè é ní òṣùká

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Iléṣà.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ béèrè orúkọ Yorùbá fún irin rìbìtì ("wheel spacer" lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí mẹkáníìkì máa ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù, ìyẹn ìdí tí a ń de rímù mọ́ lára mọ́tò, nígbà tí wọ́n bá gbé bíréèkì tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sára mọ́tò. Ẹnì kan dáhùn pé "àlàfo". Ẹlòmíràn ní "òṣùká rímù", ọ̀pọ̀ sì ti ń yìn ín. Àbúrò wa kan ní kí á jẹ́ kó máa jẹ́ "wáṣà" bí wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀wọ́, kí á tún un rò. Ibi tí a ti ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara mọ́tò ló ń wà, orúkọ tó bá ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà lè pààyàn.

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò gba Ìwárájà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tó ń mú èèyàn wá bíréèkì ńlá. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí a ń tẹ bíréèkì léraléra, dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, á gbóná, páàdì tó ń há a mọ́lẹ̀ ò sì ní gbá a mú dáadáa mọ́. Dísìkì tó fẹ̀ máa ń fara da ooru ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n kálípà tó bá a rìn, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, a máa sanra. Tí a bá wá dá rímù àtijọ́ padà síbẹ̀, apá rímù lè máa ha kálípà náà lójú. Ibẹ̀ ni irin yìí ti wúlò: ó ń ti rímù kúrò lọ́dọ̀ kálípà, kí àyè bíi mílímítà 3, ó kéré tán, lè wà láàárín wọn.

Àlàfo ni ohun tí à ń wá, irin náà kọ́ ni àlàfo. Ohun tó tilẹ̀ dùn mí jù nínú orúkọ yẹn ni pé kò sọ ìhà tí àyè náà wà. Ọ̀nà méjì ni kálípà lè gbà ha rímù: ó lè ha apá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì lè ha ikùn rẹ̀ láti òkè. Ti àkọ́kọ́ ni irin yìí ń yanjú. Kò lè yanjú èkejì, nítorí ṣe ló ń sún rímù síta, kò sọ rímù di ńlá. Ẹni tí kálípà rẹ̀ ń ha ikùn rímù, rímù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ló máa rà. Bí a bá sọ fún un pé "àlàfo" ló nílò, owó rẹ̀ á gbé.

Òṣùká wá ńkọ́? Mo gbà pé ó rẹwà. Ó rí rìbìtì, àárín orí àti ẹrù ló sì ń wà, bí irin yìí ṣe ń wà láàárín họ́ọ̀bù àti rímù. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe òṣùká fún? Kí ẹrù má baà dun orí ni. Aṣọ la ń ká, ó rọ̀, ẹrù a sì máa tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Irin yìí kò gbọdọ̀ tẹ̀ rárá. Bí ohun tó wà lẹ́yìn rímù bá ń tẹ̀, nọ́ọ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ òṣùká lè gé rọ́bà sí i, kó sì rò pé òun ti ṣe ohun tí ọ̀gá wí. Bákan náà, irin gidi gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́kípẹ́kí sórí ọrùn rìbìtì tó yọ láàárín họ́ọ̀bù. Ti ọ̀pọ̀ Toyota Camry jẹ́ mílímítà 60.1, bí ihò irin náà bá fẹ̀ jù ú lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè má dúró sí àárín gan-an, mọ́tò á sì máa gbọ̀n tó bá ń sáré.

Wáṣà ò gùn láti sọ: ó ti ní nǹkan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Bí o bá rán ọmọ ní wáṣà, ẹ̀kúnwọ́ kéékèèké abẹ́ nọ́ọ̀tì ló máa kó wá, kíki ìyẹn sórí bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì léwu púpọ̀.

Ohun tí mo mú wá ni "asúnrímù". Ó sọ ohun tí irin náà ń ṣe, ó sì ṣeé tú padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe: "Mélòó lo sún un?" "Mo sún un ní mílímítà 10." Ẹni tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé rímù tí wọ́n kọ ET45 sí ti ń ṣe bíi ET35 nìyẹn (ET ni iye mílímítà tí ojú tí rímù fi ń kan họ́ọ̀bù fi jìnnà sí àárín ìbú rẹ̀), kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá táyà ò ní máa ha etí ara mọ́tò. Á tún rántí bóòtù. Ohun tí a bá fi sún rímù, inú gígùn bóòtù la ti mú un. Bóòtù tó nípọn ní mílímítà 12, tí eyín kan fi jìnnà sí èkejì ní mílímítà 1.5, ó yẹ kí nọ́ọ̀tì yí mọ́ ọn lára tó ìgbà 8, ó kéré tán. Bí kò bá tó, kí á pààrọ̀ bóòtù sí èyí tó gùn, tàbí kí á lo irú èyí tí a ń dè mọ́ họ́ọ̀bù kí a tó de rímù mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ìyẹn máa jẹ́ "asúnrímù oníbóòtù", kí èyí tí kò ní bóòtù tirẹ̀ sì jẹ́ "asúnrímù pẹlẹbẹ".

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ náà á dàrú bí a kò bá fi àmì sí i, pé wọ́n á kà á bíi pé rímù là ń sun. Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i. Mo rò "atirímù" náà wò, ṣùgbọ́n títì lè jẹ́ sí ibikíbi.

Ní ti bíréèkì, "ìjánu" ti wà tipẹ́, ó sì dára nínú ìwé. Kálípà ni mo ṣì ń wá orúkọ fún, nítorí òun ló ń fi páàdì há dísìkì mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì Lágéré bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un.