Ejò tí mo gbé wálé láti Gwarinpa, ẹ sọ tiyín náà

Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ajá àti ológbò tẹ́ ẹ ń kọ síbí, tí mo ń sọ pé n ó kọ tèmi, àmọ́ ejò ni tèmi o, ẹni tí ara ẹ̀ bá ń bù máṣọ kó yáa fò ó.

Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe, Kubwa l'Abuja ni mò ń gbé. Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti mú dáadáa, a lọ yí bátìrì fún màdáàmù kan ní Gwarinpa. Sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé ni bátìrì wà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí tánkì gíláàsì, irú èyí tí wọ́n fi ń sin ẹja, wọ́n fi pákó bò ó lórí, wọ́n tún gbé búlọ́ọ̀kù lé pákó. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ̀, kò sómi, iyanrìn ni àti abọ́ kan tó gbẹ hangógó, aáyán kan ti kú síbẹ̀. Lẹ́yìn abọ́ yẹn ni nǹkan kan ká jọ. Okùn ni mo pè é, àfìgbà tó yọ ahọ́n.

Mo sá o, kí n má parọ́. Mo fi spánà sílẹ̀, mo sáré. Maigádì ló ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní "Oga, babu komai, mesa ce, ba ta cizo," pé erè lásán ni, kì í bu èèyàn jẹ. Òun ló sọ fún mi pé ọmọ màdáàmù ló rà á lọ́wọ́ àwọn gardi, àwọn Hausa tó máa ń fi ejò ṣeré lójú ọ̀nà, lẹ́yìn tó ti wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń sin ín. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọmọ yẹn bá ti ilé ìwé lọ sí Kánádà. Látìgbà náà, ohun tọ́wọ́ maigádì bá bà ló ń jù síbẹ̀: búrẹ́dì, ẹyin síse, ó tiẹ̀ ní òun fi ìrẹsì síbẹ̀ rí. Ejò ò jẹ ìkankan. Màdáàmù fẹnu ara wọn sọ fún mi pé àwọn kì í wọ sítọ́ọ̀ yẹn, àwọn ń dúró kó kú ni.

Mo padà wọlé lọ wò ó. Ara ejò ṣáà máa ń rí róbótó, tiẹ̀ ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn bí orí òrùlé, awọ ẹ̀ hunjọ bí ìbọ̀sẹ̀ tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Ó ti fẹ́ bọ́ awọ àmọ́ kò rí i bọ́ tán, àjákù ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn nírù bíi nylon. Ojú méjèèjì funfun bí gílóòbù tó ti jó. Kòkòrò dúdú wínníwínní wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, ẹ máa pè é ní ata gígún. Mo ní kí wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, àtitánkì àtejò. Ọ̀gá tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi dé Kubwa.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tolú, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin wáá gbé ejò wọlé." Yàrá irinṣẹ́ ni mo gbé e sí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi.

Lọ́jọ́ kejì mo dì í sínú àpò ìrọ̀rí, mo gbé e sínú ike tí mo dá lu, mo gba dúróòpù lọ sí Gwagwalada lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan. Dẹ́rẹ́bà bi mí kí ló wà nínú ike, mo ní iṣu ni. Dókítà yẹn, obìnrin ni, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n: 470 gíráàmù. Ó sì gùn ju mítà kan lọ díẹ̀. Ó ní èyí tó bá gùn tó báyẹn yẹ kó ti kọjá kílò kan. Ó fa omi sí i lábẹ́ awọ, ó wá jókòó kọ́ mi. Omi ṣíwájú oúnjẹ. Kí n máa fi í sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò mù ún dé orí, èyí á rọ awọ, á sì pa kòkòrò yẹn. Kí n kó iyanrìn dànù, kí n tẹ́ bébà ìwé ìròyìn, kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Apá kan tánkì kó gbóná tó 31 sí 32 dígírì Celsius, apá kejì kó tutù díẹ̀, torí ejò kì í dá ooru fúnra ẹ̀, bí ara ẹ̀ bá tutù oúnjẹ á jẹrà síkùn ẹ̀ ni. Nínú igbó, ihò eku àti ilé ikán ni irú ẹ̀ ń sùn, ibẹ̀ kì í gbẹ tán kódà nígbà ọyẹ́. Ó ní kí n wá ike olómorí, kí n dá ihò sí i, kí n fi àkísà tútù sínú ẹ̀ kó máa wọ̀ ọ́ sùn. Ojú yẹn, awọ àtijọ́ ló bò ó, kí n má fọwọ́ yọ ọ́ o, á bá awọ bọ́ fúnra ẹ̀.

Tó bá wá di oúnjẹ, èyí tó kéré jù ni, ọmọ eku tí kò tíì hurun, ẹyọ kan. Ó ní ara tí ebi ti pa fún oṣù mélòó kan ti ń jẹ ẹran ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó oúnjẹ ńlá lù ú lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dàrú, ọkàn lè dákẹ́. Mo gbọ́ o. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú fóònù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo rí eku funfun rà níbi kan tí wọ́n ń sin ín fún ìwádìí ilé ìwé, ó ti kú, ó ti dì, kékeré àti ńlá. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà ejò yìí jáde, ó ń yọ ahọ́n, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi lára gíláàsì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, mo ní ta ló ń rò ti ọmọ eku, mo yọ ńlá sínú omi gbígbóná, mo gbé e fún un. Ó gbá a mú! Inú mi dùn, mo ká a sí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìlọrin. Wọ́n wá mú iná lọ fún alẹ́ méjì, èmi tí mò ń ta iná fún gbogbo Abuja, bátìrì ilé mi ti kú látìgbà ọdún Iléyá. Gílóòbù tó ń mú tánkì gbóná kú. Lọ́jọ́ kẹta òórùn ló jí mi. Ó ti pọ eku yẹn, irun ẹ̀ tutù, ó ti ń yọ̀, ejò nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò pa dé. 448 gíráàmù.

Dókítà ò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ sàsè fún un?"

Ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹun, omi nìkan. Mo ra bátìrì tuntun sára ínfátà torí ejò, tí ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà yìí. Lẹ́yìn náà ọmọ eku kan, ó dúró. Lọ́sẹ̀ kejì òmíràn. Ìparí oṣù Kìíní ó jẹ́ 491, ó bọ́ awọ, mo bá ojú kan tó dúdú tó ń dán, tó ń wò mí.

Oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni ń fọn fèrè, ìfófòó ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ó ń gbé orí sókè kó tó lè mí. Àyà ló ti wọ̀. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Láàárọ̀ abẹ́rẹ́ kẹrin mo fọwọ́ kàn án, ejò tó jẹ́ pé bó o bá ti fọwọ́ bà á á ká jọ róńdó, á fi orí pamọ́ sáàárín, ìdí tí òyìnbó fi ń pè é ní ball python nìyẹn, kò ká.

—

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ìrọ́jú. Nígbà tí mò ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Keffi, bọ̀dá kan ní kọ́mpáùndì wa ní òjòlá nínú àgò ehoro, ó máa ń gbé e lọ òde káwọn èèyàn fi í sọ́rùn ya fọ́tò. Kì í bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan àánú ẹ̀ ṣe é, ó ra òkété ààyè, ó jù ú sí i, ó lọ sùn. Ejò yẹn ti rọ jù, kò lè pa á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkété ló ti jẹ ejò. Mo fojú mi rí i o, ó ti họ ẹran ẹ̀yìn ẹ̀ débi tí egungun fi hàn ní ibi méjì, ejò yẹn dákẹ́ síbẹ̀ ó ń wòran. Èmi tó jẹ́ pé alángbá ni mo ń bẹ̀rù, mo wọ ìbọ̀wọ́, mò ń fi omi iyọ̀ àti iodine fọ ojú egbò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó tó oṣù kan kó tó san, àpá ńlá wà níbẹ̀. Mo ní kó máa pa eku kó tó jù ú síbẹ̀. Inú àgò yẹn náà ló wà nígbà tí mo parí agùnbánirọ̀ kúrò.

—

Ejò kẹ̀? Nílé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, igi ni ejò mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú jù ú sínú igbó Bwari, tẹ́ ẹ̀ ń náwó?

—

Èmi tí mo ni ìtàn àkọ́kọ́ ni. Ẹ má bínú sí bọ̀dá yìí, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Mo bi dókítà ní ìbéèrè yìí gan-an. Ó ní èyí tí kò lágbára àtimú eku, tójú ẹ̀ fọ́, mo kàn ń lọ gbé e kú síbòmíì ni, á sì kó kòkòrò ara ẹ̀ ran àwọn tó wà níbẹ̀. Ká ní ó san ni, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ń rò ó bóyá ọmọ tó ni ín mọ̀ pé ó ti kú, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀. Màdáàmù ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé wọ́n fẹ́ béèrè ejò ni, wọ́n ní ṣé tánkì gíláàsì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹnì kan fẹ́ rà á fi sin ẹja. Mo ti fi Hypo fọ̀ ọ́. Sátidé ni mo máa gbé e lọ fún wọn.