Ìtàn Tìmẹ́hìn àti ìkòkò aró Ọ̀ṣun: báwo la ṣe ń fi ẹ̀dá ìtàn ṣe ijó òde òní tí kò ní di eré odi?

omo_oroki

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníjó àti ẹ̀yin olùdarí ijó. Oníjó márùn-ún ni wá, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin méjì, pẹ̀lú onílù dùndún mẹ́ta. Gbọ̀ngàn kan l'Óṣogbo la ti ń dánra wò. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó tó mítà 8 sí 6. Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú la fẹ́ fi ṣe ijó òde òní oníṣẹ́jú 20: bí Láròóyè tó di ọba àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ṣe kúrò ní Ìpólé nítorí omi, bí wọ́n ṣe dé etí odò, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sínú omi, tí ohùn Ọ̀ṣun fi dún pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, àti bí wọ́n ṣe bá a ṣe àdéhùn kí wọ́n tó ṣí lọ sórí ilẹ̀ gíga.

Ìṣòro wa ni pé gbogbo ohun tí a bá ṣe ló ń di eré odi. Ọdẹ á ṣe bí ẹni dì àáké mú, á máa gé afẹ́fẹ́. Ọ̀ṣun á káwọ́ lérí. Ẹni tó mọ ìtàn á ní ó dáa, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní rí ijó kankan. Báwo lẹ ṣe ń mú ẹ̀dá ìtàn wọnú ara oníjó? Ṣé ìlù la máa kọ́kọ́ tò ni àbí ijó? Ṣé gbogbo ìtàn náà ló sì yẹ ká jó?

agba_onijo

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jó gbogbo ẹ̀. Ara kò lè sọ pé "ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé wa kúrò ní Ìpólé". Kò lè sọ "lẹ́yìn ọdún mélòó kan". Ohun tí ara lè sọ ni: mo fẹ́ ẹ, ẹ̀rù rẹ ń bà mí, ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè wo ojú rẹ mọ́. Bí ẹ bá fi dandan mú ara sọ ohun tí ẹnu ló ni ín, ọwọ́ ló máa gba iṣẹ́ náà ṣe, ọwọ́ yẹn ló sì ń di eré odi.

Ẹ kọ ìtàn náà sínú ìwé ní gbólóhùn 5, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan: wá, rí, gé, wó, fọ́, bẹ̀, kúrò. Ìyókù (orúkọ, ìlú tí wọ́n ti wá, ẹni tó jẹ́ ọba), ẹ gbé e sínú gbólóhùn mẹ́ta tí ẹ máa tẹ̀ sí ìwé pélébé fún òǹwòran. Lójú tèmi, ibi mẹ́ta ló kù láti jó: rírí omi, wíwó igi, ẹ̀bẹ̀. Ẹ fún omi ní ìṣẹ́jú 4, igi 4, kí ẹ̀bẹ̀ gba 12. Ẹ̀bẹ̀ ló gùn jù nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń yí padà. Ariwo ni igi tó wó, ó ti tán kí òǹwòran tó mí.

Kò sì pọn dandan kó tò bí wọ́n ṣe ń pa á nítàn. Ní 1947, nígbà tí Martha Graham, oníjó ará Amẹ́ríkà, fi ìtàn Oedipus, ọba inú ìtàn Gíríìkì tó fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀, ṣe ijó tó pè ní Night Journey, ibi tí Jocasta, ìyá náà, ti fẹ́ pa ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ohun tó ti kọjá sì ń padà wá bá a. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìkòkò ti fọ́, kí iná tàn sórí obìnrin mẹ́ta lórí ilẹ̀, ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bó ṣe débẹ̀.

Èyí tó wúlò jù fún yín ni The Moor's Pavane tí José Limón, olùdarí ijó ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1949. Eré Othello ti Shakespeare, tí èèyàn kún inú rẹ̀, oníjó mẹ́rin péré ló fi jó o, kò sì pè wọ́n lórúkọ: Moor náà (Othello fúnra rẹ̀), ọ̀rẹ́ rẹ̀, aya ọ̀rẹ́, aya Moor. Hańkáṣíìfù kan ni gbogbo ẹrù wọn. Ijó ààfin kan, oníwà pẹ̀lẹ́, ni wọ́n ń padà sí lẹ́yìn gbogbo ìforígbárí, bí wọ́n sì ṣe ń padà sí i ló túbọ̀ ń le koko. Kí ni tiwa tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kí omi nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i, ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kíkà 8. Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tó gé igi, ìkánjú ló wà níbẹ̀: kíkà 2, àyà ò kan ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, nínú ẹ̀bẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Yorùbá kankan ò nílò àlàyé fún ìyẹn.

Ó tún dáa bí ẹ ò ṣe mú Ṣàngó. Láti 1963 tí Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde l'Óṣogbo níbí, ẹni tó bá fi Ṣàngó jó nílùú yìí, òun ni wọ́n á fi wé.

eegun_eyin

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìtàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara. Ẹ bi ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin: ibo ni ìrìn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ara? Ṣé ó wúwo ni àbí ó fúyẹ́? Ṣé ó yá ni àbí ó falẹ̀? Ṣé ó máa ń dúró ni àbí ṣíṣàn ló ń ṣàn?

Tìmẹ́hìn: ojú ló kọ́kọ́ ń yí, àyà á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń kan ilẹ̀ kó tó gbé ara lé e, torí ẹní ń ṣọ́ ẹran kì í já igi gbígbẹ. Orí kì í mì. Láròóyè: láti àárín ẹ̀yìn. Kì í yí ọrùn nìkan wo nǹkan, gbogbo ara ló máa ń yí. Ọ̀ṣun: láti ìbàdí gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sókè, kò sì dúró rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀. Ohun kan tí ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó. Tìmẹ́hìn kò gbọdọ̀ kẹ́yìn sí ibi tí odò wà. Láròóyè kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Bó bá dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ìkúùkù àti ìgúnpá ni yóò fi gbé ara. Ọ̀ṣun kò gbọdọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ pa á mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kí ojú òǹwòran mọ̀ ọ́n láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ já a, ẹ̀ẹ̀kan péré. Igi wó, Ọ̀ṣun dúró gbagidi. Láròóyè tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé á ti dákẹ́. Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni oníjó tó já èèwọ̀ láìmọ̀ níbi tí kò yẹ, nítorí náà kí ẹnì kan jókòó síta nígbà ìdánrawò, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ èèwọ̀ lọ.

Ní ti àáké. Ẹ jẹ́ kí oníjó gbé àáké gidi, kó gé igi gidi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ wò ó: ara kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sórí ti iwájú, ìhà lọ́, èémí jáde lákòókò tí àáké bà. Ẹ gba àáké, ẹ ní kó káwọ́ sẹ́yìn, kó tún un ṣe. Ohun tó kù, ìhà, ẹsẹ̀, èémí, ìyẹn ni ijó. Ẹ wá gbé bíbà náà lọ sí èjìká, sí orúnkún. Níkẹyìn, ẹ fi oníjó kejì síwájú rẹ̀ kó máa gba bíbà náà sára láì jẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Òun ni igi.

Bí igi yẹn bá máa ṣubú, kó mí síta, kó lọ́ ara wálẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ojúgun, itan, ìdí, ìhà. Orúnkún àti ọrùn ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, pàápàá lórí sìmẹ́ńtì.

Kí gbólóhùn ijó ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan jẹ́ kíkà 8, kí wọ́n ṣe é lọ́nà mẹ́rin: ní ìdajì ìyára, lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn sí òǹwòran, pẹ̀lú ìgúnpá nìkan. Ẹ wá pààrọ̀ oníjó. Bí obìnrin bá jó ti Tìmẹ́hìn tí a ṣì mọ̀ pé Tìmẹ́hìn ni, ẹ ti rí ẹ̀dá. Bí a ò bá mọ̀ ọ́n mọ́, a jẹ́ pé ìṣe oníjó àkọ́kọ́ lẹ kàn rí.

Gbogbo èyí, láìsí ìlù ni kí ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

omo_ayan

Mi ò fara mọ́ ti láìsí ìlù yẹn o. Oníjó tó bá ti mọ́ lára láti fi ẹnu kà, ìlù á dà bí àlejò sí i lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ jẹ́ kí gúdúgúdú nìkan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ìyáàlù dákẹ́ títí ijó á fi dúró.

Ìdí tí ìyáàlù fi gbọ́dọ̀ dákẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Bó bá ń ki Òròkí, ìyẹn Òṣogbo, lọ, òǹwòran ń gbọ́ ọ. Bí oníjó bá tún ń fi ara ṣe ohun tí ìlù wí, ohun kan náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìyáàlù sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń fi pamọ́. Nígbà tí Láròóyè bá wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kí ìlù máa kì í ní ọba.

Ibi tí ijó òde òní àti ìlù wa ti ń ṣìnà fún ara wọn ni kíkà. Nínú ọ̀pọ̀ ìlù wa, ìyípo kan jẹ́ ìró kéékèèké 12. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìró mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí náà kíkà 8 bọ́ sínú ìyípo méjì géérégé. Ṣùgbọ́n oníjó tó bá ń gbé ẹsẹ̀ ní ìró méjì-méjì, kíkà 8 rẹ̀ jẹ́ ìró 16. Ó ti kúrò lójú ìlù nìyẹn, wọn kò sì ní pàdé títí di ìró 48: kíkà 8 kẹta tirẹ̀, ìyípo kẹrin ti onílù. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè lò ó: kí Tìmẹ́hìn máa rìn ní méjì-méjì nígbà tí àwọn yòókù wà ní mẹ́ta-mẹ́ta, yóò hàn pé ojú ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ óò máa bá onílù jà lásán.

Ẹ má sì fi nọ́ńbà ṣe àmì àyípadà. Kí ìyáàlù ní gbólóhùn kan pàtó tí wọ́n bá ti gbọ́, wọ́n á yí. Onílù lè fà á gùn lálẹ́ ọjọ́ eré, nọ́ńbà á sì já yín kulẹ̀.

iya_elelu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìkòkò aró ló fọ́ nínú ìtàn yìí, mi ò sì tíì rí aró nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. L'Óṣogbo! Ẹ lọ wo àwọn aláró. Wọ́n ń gún ewé elú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Wọ́n ń da omi gba inú eérú kọjá nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí. Elú á wà nínú omi eérú yẹn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣe é rẹ aṣọ. Ohun tí igi yẹn fọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí oníjó yín mọ̀ ọ́n kó tó káwọ́ lérí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́. Orúnkún ló ń rọ̀, ẹ̀yìn kò tẹ̀. Ọwọ́ wọlé dé ìgúnpá, ó dúró díẹ̀, ó gbé aṣọ sókè. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà bá jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró, díẹ̀díẹ̀, lójú yín. Nítorí náà aláró máa ń na aṣọ sókè, á máa tú u kí afẹ́fẹ́ ba gbogbo ara rẹ̀. Gbólóhùn ijó Ọ̀ṣun ti wà níbẹ̀: rì, gbé, tú, fẹ́. Ìka tó ń tú aṣọ yẹn kì í dúró, ó bá èèwọ̀ tí wọ́n fún un mu.

Aṣọ kan tó fún yín, yáàdì 5. Ẹ má mú àdìrẹ tí ẹ̀kọ ṣì wà lára rẹ̀, ó máa ń gan, kì í ṣàn. Àdìrẹ tuntun á tún fi aró sí oníjó lára bó bá làágùn. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má da omi gidi sílẹ̀ rárá.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: ìtàn jẹ́ ti gbogbo wa, ètùtù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé igbá lé orí ọmọbìnrin kankan bí Arugbá. Bí ẹ bá sì ń ro ó láti jó nínú igbó Ọ̀ṣun, ibi ogún àgbáyé ni UNESCO kà á sí láti 2005, ibi ìjọsìn sì ni. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì lọ rí ààfin àti Ìyá Ọ̀ṣun.

omo_oroki

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èèwọ̀ yẹn la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ẹnì kan ni yóò jẹ́ Ọ̀ṣun ni àbí obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà ńkọ́?

agba_onijo

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn ló jáde látinú odò, a ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Kí èémí wọn jẹ́ ọ̀kan, kí aṣọ ìyá yẹn wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ igi náà kó tó bọ́ sínú omi, èyí á jẹ́ kí ọkùnrin méjèèjì kù fún ọdẹ àti ọba. Inú ẹ̀bẹ̀ nìkan ni kí ẹnì kan ti yọ jáde láàárín wọn, kó dojú kọ Láròóyè.

Ní ti ilẹ̀, plywood 8, èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Ẹ tò ó méjì ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, yóò fún yín ní igun mẹ́rin tó tó mítà 4.9. Ó tó fún oníjó márùn-ún bí ẹ bá jẹ́ kí ìrìn lásán máa wáyé létí. Ẹ tẹ́ fóòmù tínrín tó le sábẹ́ rẹ̀. Fóòmù tó rọ̀ jù á mú ọrùn ẹsẹ̀ yí. Ẹ fi téèpù lẹ gbogbo ojú ìsopọ̀, torí ibẹ̀ ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń há. Níbi tí kò bá ti sí pákó, kò sí fífò, kò sí ìṣubú.

Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe àwọn bíi márùn-ún tí kò mọ ìtàn yìí, àwọn àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú dáa fún un. Ẹ má fún wọn ní ìwé pélébé. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé wọn. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló fẹ́ kí ni, ta ló sì yí padà? Bí mẹ́ta nínú wọn bá dárúkọ ẹni tó yí padà bó ṣe yẹ, ẹ fi ijó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn tún ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ ṣe. Bí wọn ò bá rí i, èèwọ̀ kan ti já níbi tí kò yẹ, tàbí kò tíì pẹ́ tó kó tó já. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ má tíì fi ohunkóhun kún un.