Ta ló ni kílọ́ọ̀bù, ta ló tọ́ ọmọ? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Tákíé
Ẹ kú ilé o. Lálẹ́ àná nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Sábó n'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, díẹ̀ báyìí ló kù kí ìjà bẹ́. Ọmọ Arsenal kan ní Chelsea àti Manchester City ló fi owó ba bọ́ọ̀lù jẹ́, pé kí Abramovich, olówó Rọ́ṣíà yẹn, tó ra Chelsea ní 2003, ta ló ń dárúkọ wọn? Ọmọ Chelsea dìde, ó ní, "Kroenke tó ni yín ńkọ́, ṣé ará Ọjà Ìgbò ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rò ó dé orí ibùsùn. Àwa tí à ń jà nítorí olówó Amẹ́ríkà àti ti Abu Dhabi, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, ta ló ń tọ́ wọn? Kí oníkálukú sọ tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ara yín.

Gunner Arówómọlẹ̀
Saka wa ti Arsenal. Ó tán.

Blue Àpákè
Ó tán bíi ti báwo? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Hale End, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal, ló ti dàgbà. Ká ní Àpákè níbí ni, mọ́ńkì póòsì ni ì bá ṣì máa gbá lẹ́yìn ilé ìwé, pẹ̀lú bàtà rọ́bà.

Gunner Arówómọlẹ̀
Yorùbá ló bí i, Bùkáyọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Ìlara ló ń dà yín láàmú.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òyìnbó kan ń bọ̀ láti Pọtogí wá yan ọmọ n'Íbàdàn. Owó fọ́ọ̀mù ọmọ kan, 40,000 náírà. Ìbejì ni tèmi, ìlọ́po méjì ni mo san. A débẹ̀, ọmọ tó wà lórí pápá yẹn ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òyìnbó ò wá. Ẹnì kan tó wọ jíǹgí dúdú ló ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi gbá a. Táyé ò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá. Kẹ́yìndé kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a síta. Ìgbà tí mo pe nọ́ńbà ọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan ló gbé e, ó ní gààrí lòun ń tà ní Ìwó.

Igi Ṣúútìn
Ìṣẹ́jú méje? Tèmi ò pé mẹ́ta.

Blue Àpákè
Mo kú ẹ̀rín. Ẹ má bínú, Mà.

Igi Ṣúútìn
Ohun tó fà á ni pé kílọ́ọ̀bù ìjọba ò bìkítà fún ọmọdé. Ẹ wo Remo Stars n'Íkẹ̀nnẹ́. Kúnlé Ṣónámé ló ni ín, owó ara rẹ̀ ló ń ná, wọ́n sì gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Ó ń dùn mí láti wí i, torí Ṣúútìn, kílọ́ọ̀bù ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí mi mọ́.

Àjàyí Ọ̀nà Ìlọrin
Enyimba náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ábíá ló ni ín. Wọ́n gba ife kílọ́ọ̀bù Áfíríkà ní 2003, wọ́n tún gbà á ní 2004. Kì í ṣe ìjọba ló jẹ̀bi. Bí olówó kan bá fẹ́ gba ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́la tí kò wọlé, ṣé kílọ́ọ̀bù náà ò ní kú?

Oníṣirò Under G
Ti Jámánì ló dáa jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ju ìdajì ìbò lọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kílọ́ọ̀bù wọn, olówó kan ò lè dá pàṣẹ níbẹ̀.

Àjàyí Ọ̀nà Ìlọrin
N'Ógbómọ̀ṣọ́? Owó aṣọ ẹbí lásán, ó di ká lọ sílé baálé ká tó yanjú ẹ̀.

Kóòṣì Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo kí yín. Ọmọdé ni mí ní 1976 tí IICC Shooting Stars, Ṣúútìn yìí náà, na Tonnerre ti Kamẹrúùnù, tí ife kílọ́ọ̀bù Áfíríkà kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ẹ̀gbẹ́ rédíò bàbá mi ni mo wà. Múdà Lawal tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe l'Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀. Mo ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Tíṣà ni mí. Lẹ́yìn ilé ìwé ni mo máa ń kó àwọn ọmọ jọ. Ọmọ kan wá bá mi, ìyá ìyá rẹ̀ ń ta gúgúrú l'Ọ́jà Jagun. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ẹ máa pariwo. Ọjà òkìrìkà ni mo ti ra bọ́ọ̀tù fún un. Ìgbà máńgòrò, òun la máa ń jẹ tí a bá gbá bọ́ọ̀lù tán, torí kò sí owó búrẹ́dì. Ọdún mẹ́rin gbáko. Ẹ̀jẹ́ńtì kan ló wá mú un lọ s'Ékòó, ó gba ibẹ̀ dé Yúróòpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tà á níbẹ̀. Òfin FIFA ní ìdá 5 nínú 100 owó tí wọ́n bá ta ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kí wọ́n pín in fún àwọn tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Kọ́bọ̀ ò kàn mí.

Oníṣirò Under G
Bàbá! Láti ọdún 12 sí 15, ìdá 5 nínú 100 owó ìpín yẹn ló kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́rin yẹn lẹ fi tọ́ ọ, tí wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù kan yúrò, 10,000 yúrò ni tiyín nínú ẹ̀. Ẹ lọ gba owó yín!

Kóòṣì Àgbà
Kílọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀ ló lè béèrè. Èmi, ìwé àkọsílẹ̀ mi nìkan ni mo ní.

Blue Àpákè
Ìwé yẹn náà dà? Ọjọ́ tó dé, ọdún tí wọ́n bí i. Ẹ̀rí ni. Ẹ gbé e fún lọ́yà.

Kóòṣì Àgbà
Kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Tákíé
Mo ti mọ ibi tó ń lọ.

Igi Ṣúútìn
Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù 😂😂

Kóòṣì Àgbà
Ọdún mẹ́rin la gé nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ni mo bá a lọ sí kóòtù lọ búra. Tí mo bá mú ìwé yẹn jáde, owó lè dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ náà parí lọ́jọ́ yẹn. Ó ti bí ọmọ méjì.

Àjàyí Ọ̀nà Ìlọrin
Ta ni ò gé ọdún láyé ìgbà yẹn? Ẹ fi bàbá sílẹ̀.

Lẹ́fútì Caretaker
Ẹ ò ní fi wọ́n sílẹ̀, torí èmi ni wọ́n fi irú ẹ̀ lé dànù. Mo pé mẹ́rìndínlógún lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n fi sípò mi, ó fá irùngbọ̀n láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti tún yọ. Mo ń gun ọ̀kadà báyìí. City tí wọ́n fi ẹ̀sùn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kàn ní 2023 lẹ̀ ń pè lójúkòkòrò. Ẹ wo ilé.

Oníṣirò Under G
Ọdún gígé yìí ló jẹ́ kí FIFA máa fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò. Ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èyí tí àwa fúnra wa gbà lálejò. Ìtìjú!

Kóòṣì Àgbà
Lẹ́fútì, má bínú, ọmọ mi. N kò ní àwíjàre.

Lẹ́fútì Caretaker
Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi, Sà. Ó kàn ń dùn mí ni.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, àwọn tèmi pé mẹ́tàlá. Ọjọ́ orí ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ti kóòtù. Ṣé ẹ ṣì ń gba ọmọ?

Kóòṣì Àgbà
Ẹ mú wọn wá ní Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀. N kì í gba owó fọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì
Bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló kù láàárín àwọn méjèèjì o.

Lẹ́fútì Caretaker
Ẹsẹ̀ ta ló wọ̀ jù? Mo ní ọ̀kan nílé tí n kò wọ̀ mọ́.

Gunner Arówómọlẹ̀
Kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí Saka o.