Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ mọ́tò kéékèèké ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Onímọ́tò Páálí (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ mọ́tò kéékèèké, ti oníke tó ń wá nínú páálí ní ègé-ègé, téèyàn á máa lẹ̀ pọ̀. Sátidé tó kọjá ni mo ba ọ̀kan jẹ́, inú mi ò sì tíì rọ̀. 1:24 ni, ìyẹn ni pé tó o bá to mẹ́rìnlélógún irú ẹ̀ tẹ̀ léra wọn, wọ́n á gùn tó ojúlówó mọ́tò kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo fi sánpépà ha á títí ó fi ń dán. Mo wá gbé e lọ bá píńtà tó ń fín mọ́tò ládùúgbò wa pé kó fi ọ̀dà pupa tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bá mi fín in. Ọ̀dà tí wọ́n fi tínà pò ni. Kí n tó ṣẹ́jú, òrùlé rẹ̀ ti ń súnkì bíi pọ̀nmọ́ tó wọná. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

Ọmọ Ṣàgámù:
Tínà! Yéè. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Abẹ́ àti Gọ́ọ̀mù (Ìlíṣàn):
Ẹ̀gbọ́n, tínà máa ń jẹ irú ike yẹn ni. Irin ni wọ́n ṣe ọ̀dà mọ́tò fún. Tẹ́ ẹ bá tún máa fín òmíràn, ẹ kọ́kọ́ fín pràímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ike sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má kánjú.
Témi rèé: gíláàsì iwájú ni mo fi súpà gúlùù lẹ̀. Mo dé páálí lé e lórí kí eruku má bàa bà á, mo sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, gbogbo gíláàsì ti funfun, bí ẹni pé ọyẹ́ wọ inú mọ́tò náà. Èéfín gúlùù ló ń ṣe é, mo sì tún dé e mọ́ ọn! Látìgbà yẹn, gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó ni mo fi ń lẹ gíláàsì. Tó bá gbẹ, ojú ẹ̀ á mọ́ kedere.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ̀rú:
Àgbàlagbà ni gbogbo yín? Ọkọ mi náà ní ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ̀yin náà ẹ má fọwọ́ kàn án o, mà.

Bàbá Ògùrọ̀ (Ìjẹ̀bú-Igbó):
Kí ike yín tó dé la ti ń kọ́ mọ́tò. Inú ọ̀pá ògùrọ̀ la fi ń gbẹ́ ẹ. Ó funfun, ó fúyẹ́, ọ̀bẹ á wọ̀ ọ́ bí ìgbà tèèyàn ń gé ẹ̀kọ. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tó le la máa ń là tínínrín, tá a fi ń gún un pọ̀ dípò ìṣó. Sílípáàsì tó ti já la gé ṣe táyà. Bọ́lẹ̀kájà lèmi máa ń gbẹ́, Bedford, mo sì máa ń fi èédú kọ̀wé sí i níwájú. Èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún yín láti ìlú òyìnbó, kí lẹ kọ́ níbẹ̀?

Abẹ́ àti Gọ́ọ̀mù:
Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, àga lọ́tọ̀, sítíárìn lọ́tọ̀. Mo ti fi ẹ̀mú ìpénpéjú wá dígí ẹ̀gbẹ́ kan lórí kápẹ́ẹ̀tì fún wákàtí méjì rí.

Ẹlẹ́nu Odògbólú:
Austin ni bọ́lẹ̀kájà. Kì í ṣe Bedford.

Bàbá Ògùrọ̀:
Mo wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Bedford ló ń gbé èmi àti ìyá mi lọ sọ́jà Òkè-Ajé.

Ẹlẹ́nu Odògbólú:
Bàbá bàbá mi wa Austin, sà. Wọn ò wa Bedford rí.

Aláfẹ́ (Àgọ́-Ìwòyè):
Méjèèjì ni, ẹ jọ̀ọ́. Orí ọkọ̀ àti férémù nìkan ló ń ti òkè òkun wá, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń kan ilé pákó sẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn wọn fi jọra.

Ẹlẹ́nu Odògbólú:
Mo gbọ́. Austin ló pọ̀ jù.

Ọmọ Onípíjò (Ṣàgámù):
Láti àná ni mo ti ń kà á, mi ò fẹ́ dá sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bọ́lẹ̀kájà yìí mú mi rántí bàbá mi. Píjò 504 sitéṣọ̀n, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ni wọ́n fi ná ọ̀nà Bìní, òun ló rán wa níléèwé. Ọdún tí wọ́n kú la tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà.
Mo wá páálí oníke tirẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo ní kí n kúkú fọwọ́ gé e. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti mú ìwọ̀n: láti àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn, mítà 2.74. Mo pín in sí 24, mo gé páálí, mo lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò gbà á! Mo gé e lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà á. Mo mú téépù lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí òkú sitéṣọ̀n wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: mítà 2.90. Ti sàlúùnù, tó kúrú ju sitéṣọ̀n lọ, ni mo ti ń lò látọjọ́ yìí. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo tún un gé.
Kárìà orí rẹ̀, wáyà iná ni mo bó, mo fi òjé jó o pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ báàgì ìyá mi tó ti gbó ni mo fi bo àga, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ̀rú:
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹlẹ́nu Odògbólú:
Páálí lásán ló wá dúró tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé fọ́tò síta.

Ọmọ Onípíjò:
Ìpele mẹ́rin ni mo lẹ̀ pọ̀, mo fi fílà táwọn páńẹ́lì bítà fi ń dí ara mọ́tò bò ó kí n tó ha á. Fọ́tò ń bọ̀, iná ò sí.

Onímọ́tò Páálí:
Àbúrò, mo ti ka tìẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé màmá ti rí i?

Aláfẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín náà ò tíì kú o. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì bíréèkì mọ́jú, ọ̀dà pupa yẹn á ṣí. Òrùlé ni ò ní tọ́ mọ́. Ẹ kúkú rẹ́ ẹ kúrò, kó di ọkọ̀ aláìlórùlé tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó.

Onímọ́tò Páálí:
Ẹ ṣeun. Ṣé kò ní jẹ ike náà?

Aláfẹ́:
Mo ti ṣe é fún mẹ́ta, kò jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ègé kan tẹ́ ò nílò dán an wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀.

Bàbá Ògùrọ̀:
Ọmọ Onípíjò, wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè.

Ọmọ Onípíjò:
Ẹ má bínú, sà. Mo gbé e lọ fún màmá lánàá. Wọ́n gbé e sórí itan, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fi ìka kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Wọ́n ní, "Èyí ò kí ń tì. Okùn ni bàbá ẹ fi ń so ó." Mo ti gbàgbé pátápátá.

Bàbá Ògùrọ̀:
Irú okùn wo?

Ọmọ Onípíjò:
Okùn ọ̀rá ni wọ́n ní, aláwọ̀ búlúù.

Bàbá Ògùrọ̀:
Mo ní in. Mo lè fa fọ́nrán rẹ̀ kan yọ, kó fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti mọ́tò rẹ. Ṣàgámù ni mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Níbo ni kí n ti bá ọ?

Ọmọ Onípíjò:
Sábó, sà. Màá dúró dè yín.